Ìṣojú Ọkọ Mi Ni Mo Ti Gba Ara Olúwa

Ìyìn ni fún Jésù! Ààwẹ̀ ti parí, ẹ má dáhùn bí ẹni tí ebi ń pa. Ìyìn ni fún Jésù!

Àgáta ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Àgáta, ìyàwó katikísìtì wa àtijọ́, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kejì yẹn. Wọ́n ní kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ yín ní girama, mo mọ̀ pé gbólóhùn gbọ́dọ̀ ní olùwà.

Mùsùlùmí ni Gàníyù ọkọ mi, àgbẹ̀ tó ń roko lọ́nà Kúta. Ẹbí ló so wá pọ̀, a kò ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba Ara Olúwa. Fada ìgbà náà ní kò le. "Bí ọkọ rẹ bá gbà kí n súre fún ìgbéyàwó yín, tí kò sì ní dí ọ lọ́wọ́ ẹ̀sìn rẹ, Bíṣọ́ọ̀bù á yọ̀ǹda. Kò pọn dandan kó di Kátólíìkì." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, n kò lè jáde. Fada rán Àgáta sí ọkọ mi lóko.

Àgáta padà dé, ó jókòó sétí ibùsùn mi. "Ọ̀rẹ́ mi, ó kọ̀. Ó ní bí òun bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, òun á lé ọ padà sílé bàbá rẹ. Má dá a sílẹ̀ mọ́ o, nítorí ọmọ ọwọ́ rẹ."

Ohun kan náà ló lọ sọ fún Fada. N kò dá a sílẹ̀. Ìbínú dí mi lẹ́nu.

Bí mo ṣe di ẹni tí ń jókòó nìyẹn nígbà tí gbogbo ìjọ bá tò lọ síwájú láti gbà á. Bọ́lá, ọmọ ọwọ́ ìgbà náà, ti ń lọ sí ẹni ogójì ọdún! Gbogbo Lẹ́ńtì, mo gba eérú síwájú orí, mo gbààwẹ̀, mo ka Rósárì nílé títí ìlẹ̀kẹ̀ fi jẹ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí a bá ń gbé àgbélébùú láti ilé dé ilé, tí a ń dúró gbàdúrà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ọmọ ìjọ, Àgáta ló ń ṣáájú. "Ilé ìmàle nìyẹn, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Èmi náà á máa kọrin tẹ̀lé wọn, màá kọjá ilé ara mi!

Lọ́dún yìí, kíndìnrín ọkọ mi dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, ẹ máa gbé Bàbá lọ sílé. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ara tù wọ́n."

Mo sunkún dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àgáta fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. "Ìyá Bọ́lá, fara balẹ̀. Ọlọ́run ló ń lànà. Tó bá kú, ìwọ náà di opó, wàá lè gba Ara Olúwa."

Ẹ gbọ́ o! Kí n jẹ Olúwa lórí òkú ọkọ mi? Mo kúnlẹ̀. "Jésù, bí ọ̀nà rẹ bá nìyẹn, n kò fẹ́. Kó wà láàyè, kó fojú rí i, tàbí kí n má gbà á láéláé."

Ọlọ́run tóbi! Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Fada tuntun ló gbé àgbélébùú fúnra rẹ̀. Ààwẹ̀ àwọn mùsùlùmí àti tiwa pàdé lọ́dún yìí. Ọkọ mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí i bí òógùn ṣe bo Fada. "Fada, ẹ yà wá mu omi."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ń gbààwẹ̀ ni."

"Dókítà ti gba tèmi lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi gbà á mọ́ tiyín."

Fada rẹ́rìn-ín, ó dúró. Lẹ́nu ọ̀nà mi! Àgáta ń pariwo pé ilẹ̀ ń ṣú, ọkọ mi kọjú sí Fada. "Fada, ẹ jẹ́ kí n bi yín kí n tó lọ. Kí ló dé tí ẹ kọ̀ láti súre fún èmi àti ìyàwó mi?"

"Ta ló kọ̀, Bàbá?"

"Obìnrin yìí ló jíṣẹ́ fún mi lóko, pé àfi bí mo bá fi ẹ̀sìn mi sílẹ̀. Ó ní ìyàwó mi ti gbọ́, ó ti sunkún, kí n má rán an létí mọ́. Gbogbo Sọ́ńdè ni mo ń fi ọ̀kadà gbé e lọ, mo ń wò ó tó ń wọlé. Mo rò pé èmi ni ẹrù tó wúwo lórí rẹ̀."

Mo di igi àgbélébùú mú.

Fada kọ̀wé sí Bíṣọ́ọ̀bù. Èsì dé kí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tó wọlé. Nínú pálọ̀ wa ni Fada ti súre fún wa, ọkọ mi lórí àga pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀, Bọ́lá dì í mú. Fada fi Ara Olúwa sí mi lẹ́nu. Ọkọ mi ń wò mí.

"Ṣé ó dùn?"

"Kò níyọ̀," ni mo wí. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Àjíǹde ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni ó kú. Wọ́n sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí ìlànà wọn ṣe rí. Mo ń sunkún, mo sì ń dúpẹ́. Àwọn ọdún tó lọ kò padà, n kò ní parọ́ níwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ìṣojú rẹ̀ ni mo ti gbà á. Ẹ bá mi dúpẹ́! Ẹ tún bá mi dúpẹ́!

Ẹ̀yin tí wọ́n ń gbé àgbélébùú kọjá ilé yín, ẹ má pẹ̀yìn dà. Ó ń bọ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yín. Ohun tí ẹ bá sì fẹ́ bi ọkọ tàbí aya yín, ẹ fẹnu ara yín bi í. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni.

Àgáta wá kí mi kú ọ̀fọ̀. N kò tíì dárí jì í, mo sì ti jẹ́wọ́ ìyẹn fún Fada. Mo bi í pé kí ni mo fi ṣe é. Ó ní:

"O kàwé jù mí lọ. Ọkọ rẹ tí kì í ṣe ọmọ ìjọ ń fi ọ̀kadà gbé ọ wá sí Mísà, á tún dúró dè ọ́ lábẹ́ igi. Katikísìtì tèmi kò bá mi rìn rí. Ibi tí a ti ń gba Ara Olúwa nìkan ni mo ti ń ṣíwájú rẹ."