Ọrùn Alùpùpù Tí Mo Kùn Lọ́dà

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, kí a tó jíròrò ohunkóhun lónìí, ẹ jẹ́ kí n tú ohun tó wà nínú mi jáde. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tíì ju mẹ́sàn-án lọ, ó sì ti rẹ̀ mí. Gbogbo yín mọ Tíṣà, ọkọ àbúrò mi tó ń fi ọ̀pá rìn. Èmi ni mo fi ọ̀pá náà lé e lọ́wọ́.

Nígbà náà, ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù gbé alùpùpù kan tí ọrùn rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ìdarí ti so mọ́ ara rẹ̀, ti ṣẹ́ wá bá mi. Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ ti kọ́ wa pé ọrùn tó bá ṣẹ́, a kì í jó o pọ̀ kí èèyàn tún gùn ún. Èmi fẹ́ mọ ìdí. Kí ló dé tí kò fi ní dúró? Mo ki ọ̀pá irin kékeré bọ inú ihò ọrùn náà, mo jó o pọ̀, mo ha á títí ó fi dán, mo sì fi ọ̀dà pupa bò ó. Èmi fúnra mi kò rí ojú àpá mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Tíṣà ní kí n bá òun lọ wo àlòkù kan. A débẹ̀, ohun pupa yẹn ni. Tíṣà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. “Ẹ̀gbọ́n, ó tutù. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé tó bá ti gbóná ká tó dé, wọ́n ń fi àbùkù kan pamọ́ fúnni.” Ó fi ẹsẹ̀ ta á, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Ó wo ṣéènì, ó wo táyà, ó gùn ún yí àgbàlá ká. Ó wá bi mí pé, “Kí ló kù tá ò tíì wò?” Ọlọ́jà ń wo ẹnu mi. Mo ní, “Kò ku nǹkan kan. Rà á.” Ẹ má rò pé wọ́n fún mi ní rìbá. Bí àlejò bá rà á lọ, báwo ni n ó ṣe mọ ibi tó já sí? Mo fẹ́ kí ó wà nítòsí kí n lè máa wò ó. Ẹ wo irú orí tí mo gbé rù.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ bá a fọ̀ ọ́, tí mò ń fi ìka tọ ọrùn náà wò. Àbúrò mi a ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ìfẹ́ tẹ́ ẹ ní sí ọkọ mi yìí, ẹ fún èmi náà díẹ̀ níbẹ̀.” Lóṣù kẹjọ tó ti rà á, mo rí ìlà kan nínú ọ̀dà náà, ó tín-ín-rín bí irun. Ó yẹ kí n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Tíṣà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dà ni mo lọ mú. Mo ní jẹ́ kí n wò ó bóyá á pé ọdún. Tíṣà jáde síta: “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń kùn?” Mo ní, “Ó ti ń bó ni.” Ó ní, “Ẹ ṣé o.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn. Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, ọrùn náà já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú ilé ìwé rẹ̀. Nílé ìwòsàn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo ti ba ohun tẹ́ ẹ bá mi yàn jẹ́.” Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni, “Níbo ló ti ṣẹ́ gan-an?” Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Lánàá ó pè mí. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti rí àlòkù kan tó fẹ́ fi máa lọ síbi iṣẹ́. Ó ní, “Kò ní rà á àfi bí ẹ̀yin bá fọwọ́ sí i, Ẹ̀gbọ́n. Ojú yín nìkan la gbà gbọ́.” Láti ibí, ilé rẹ̀ ni mò ń lọ. N ó kọ́kọ́ sọ eléyìí fún un, lẹ́yìn náà ni yóò sọ bóyá òun ṣì fẹ́ kí n bá ọmọ òun wò ó. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú wa, bí ẹnikẹ́ni bá mú yín lọ wo àlòkù, kí ẹ tó wo ṣéènì, kí ẹ tó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ẹ fi èékánná ha ọ̀dà ọrùn rẹ̀ lójú ẹni tó fẹ́ rà á, pàápàá bó bá jẹ́ ọwọ́ yín ló kùn ún.