Ẹ̀yìn Ni Ẹ̀wù Náà Ti Ya

Ẹ pa ilẹ̀kùn yẹn dé, kí ẹ sì jókòó. Ìyá Yísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sún mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ tán, bóyá ẹ ò ní fẹ́ fojú kàn mí mọ́. Ikọ́ yìí ti jẹ àyà mi tán, dókítà alára ò fi bò mọ́. Bí mo bá gbé ohun tó wà nínú mi wọ sàréè, lórí irọ́ ni ọmọ yín yóò ti jẹ gbogbo ẹ̀wọ̀n tó kù, èmi náà yóò sì lọ jẹ́jọ́ rẹ̀ níbi tí kò sí lọ́yà. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Susannah, ìyàwó mi, ìwọ ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ jù.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀rẹ́ bí ọmọ ìyá ni èmi Ṣàmsúdéènì àti Yísà. Ilé kéú kan náà la jọ lọ ní Ìkòròdú, ilé ìwé ìjọ kan náà la sì jọ jókòó sí. Nínú àwo Ìyá Yísà yìí ni mo ti ń jẹun dàgbà. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ télọ̀ tán, tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìtamága, Yísà lọ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣòwò pákó kan ní Ẹ̀pẹ́. Yísà kì í la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ bí èèyàn gidi. Àlọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Nígbà tó rí Susannah ní Èbúté, níbi tó ti ń ta ẹja gbígbẹ táwọn èèyàn rẹ̀ ń kó wá láti abúlé ìpẹja, àrokò ló fi ń bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà: ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ: àwa méjèèjì la jọ. Ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọgbọ́n rẹ̀ a wọ inú Kùránì, a wọ inú ìtàn Ẹ̀pẹ́, a tún wọ inú ohun tí tíṣà kọ́ wa. Susannah ò mọ̀wé; Bíbélì tí wọ́n ń kà sí i létí ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló mọ̀. Ni ó bá ń gbé àrokò wá bá mi. "Bọ̀ọ̀dá Ṣàmsù, ẹ bá mi tú u." Mo bá ń tú u, ẹ̀rín ń pa á, èmi ń wo ẹ̀rín rẹ̀. Ibẹ̀ ni èṣù gbà wọlé. Hẹ̀, èṣù wo? Ẹ má jẹ́ kí n tún purọ́ mọ́ ẹlòmíì. Èmi ni.

Lọ́jọ́ kan, ó tó ọdún márùn-ún báyìí, Bàbá Láwàl ọlọ́kọ̀ ojú omi, tó jókòó síbẹ̀ yẹn, gúnlẹ̀ sí Èbúté láti Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní ọ̀gá Yísà ti tì í mọ́ yàrá, pé ìyàwó ọ̀gá kígbe pé ó fẹ́ fipá bá òun lò, ọ̀gá náà sì fẹ́ gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Láti ojú fèrèsé ni Yísà ti ju ẹrù kékeré kan sí wọn, ó ní kí wọ́n fún Susannah, kí wọ́n sì sọ fún un pé, "Ọba tó sá wá sí Ẹ̀pẹ́ padà sílé." Susannah sunkún wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó tú ẹrù náà sílẹ̀: ẹ̀wù Yísà kan tó ya láti ọrùn dé ìdí, owó ẹyọ méjì tí wọ́n so kojú síra, àti àfọ́kù dígí tí wọ́n fi èéfín pa dúdú.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti tú u. Kò sí ọmọ kéú tí kò mọ Súrà Yúsúfù: obìnrin inú ilé lé Ànábì, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ ya. Ẹlẹ́rìí ní bó bá ya níwájú, ọkùnrin ló jẹ̀bi. Bó bá ya lẹ́yìn, obìnrin ló purọ́. Ẹ̀yìn ni ẹ̀wù Yísà ti ya. Irú dígí dúdú yẹn la fi wo oòrùn nígbà tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án gangan, tí gbogbo ọjà ń sá, tí tíṣà wa ní ká má bẹ̀rù, òṣùpá ló kàn ń kọjá níwájú oòrùn, yóò kúrò. Ọba tí wọ́n ń wí, òun ni ọba tí ogun lé kúrò l'Ékòó láyé àtijọ́, tó wá tẹ̀dó s'Ẹ́pẹ̀ẹ́, tó sì padà sílé nígbẹ̀yìn. Owó ẹyọ ní: wá, kí ojú wa ríra. Gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tí Yísà wí ni pé: Mi ò ṣe é. Òkùnkùn yìí á kọjá, màá padà wálé. Gbé ẹ̀wù yìí wá, òun ni ẹlẹ́rìí mi.

Ohun tí mo kà nìyẹn. Ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn o. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán mi, mo fi tẹrú jẹ́ ẹ. Mo ní, "Susannah, ṣé o mọ ìtàn Jósẹ́fù?"

Ó ní, "Ẹni tó fi ẹ̀wù sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀gá rẹ̀?"

Mo mọ̀ pé nínú Bíbélì tirẹ̀, wọn ò sọ pé ẹ̀wù ya lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ti rí àyè. Mo ní, "Òun náà ni. Yísà ní ẹ̀wù òun ti bọ́ sọ́wọ́ obìnrin mìíràn."

"Ṣùgbọ́n Jósẹ́fù ò jẹ̀bi, Bọ̀ọ̀dá."

"Jósẹ́fù fi tirẹ̀ sílẹ̀ kó lè sá. Yísà fi tirẹ̀ ránṣẹ́ kó lè dúró. Ó ní Ẹ̀pẹ́ ti di ilé òun. Dígí yìí, ó ní ojú òun ti ṣókùnkùn sí ọ."

Ó mú owó ẹyọ náà dání. "Wọ́n kojú síra, ẹ wò ó."

"Òun àti obìnrin náà ni."

Ó jù ú sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ dá ẹrù rẹ̀ padà fún un. Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́." Susannah, o fi ojú ara rẹ rí i pé ẹ̀yìn ló ya, ṣùgbọ́n o ò mọ̀ pé ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà.

Ká ní mo dúró níbẹ̀! Ṣùgbọ́n bí kọ́ọ̀tù bá dá Yísà sílẹ̀, yóò padà wá, irọ́ mi á sì tú. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, oníbàárà kankan ò wá. Mo tú òwú láti ìṣẹ́tí ẹ̀wù náà fúnra rẹ̀, kí àwọ̀ má baà yàtọ̀, mo fi rán ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, mo fi áyọ́ọ̀nù eléèédú tẹ̀ ẹ́ títí ojú abẹ́rẹ́ fi pòórá. Mi ò tíì rán aṣọ kan dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn rẹ̀ mú, mo fà á ya níwájú. Bó ṣe dún, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ s'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Bí Yísà ṣe rí mi ní kọ́ọ̀tù, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Alihamdulilai, ọ̀rẹ́ mi ti dé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀wù náà, ẹ ó mọ ẹni tó ń lé ẹnì kejì." Wọ́n tẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn gún régé. Iwájú ló ya. Àáfà àgbà kan tó jókòó níbẹ̀ kàn mi orí ni. Yísà wo ẹ̀wù, ó wò mí. Ó ní, "Ṣàmsù, o mọ̀ ọ́n rán." Ó ṣàlàyé fún wọn títí, wọn ò gbà á gbọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀wù náà, wọ́n dá a padà fún èmi tí mo gbé e wá.

Mo sì fẹ́ Susannah. Ó ń fọ aṣọ mi, ó ń se oúnjẹ mi, ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ni kò bá mi wálé. Ìyá Yísà, ẹ̀yin tún ń wá síbí lọ́dọọdún, ẹ ń ṣàdúà fún mi pé ọ̀rẹ́ tó dúró ti ọmọ yín dé kọ́ọ̀tù ò wọ́pọ̀. Mo ń ṣe àmín! Ẹnu yìí ló ń ṣe àmín!

Ẹ má sunkún, Mọ̀ọ́mi. Mo ti ránṣẹ́ pe akọ̀wé kọ́ọ̀tù, yóò dé kí oòrùn tó wọ̀, màá tún un sọ fún un kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá Láwàl, ẹ bá wa gbé ìwé náà dé Ẹ̀pẹ́ bí ẹ ṣe gbé ẹrù yẹn wá lọ́jọ́sí. Kí ẹ sì sọ fáwọn ọmọ tó ń dàgbà pé ẹni tí wọ́n bá fọkàn tán láti túmọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ̀mí ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn.

Mo fẹ́ tọrọ ìdáríjì, ṣùgbọ́n ẹ má fún mi lónìí. Ọwọ́ Yísà ló wà. Kó kọ́kọ́ jáde ná. Susannah, gbé ìrọ̀rí mi sókè. Ẹ̀wù náà nìyẹn. Mú abẹ́rẹ́ lórí máṣìn, kí o tú ẹ̀yìn rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Má fà á o, rọra. Láti ọrùn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀; ibẹ̀ ni mo ta kókó sí.