Ṣúgà Inú Ògì Bàbá Asimawu

Ọtí kẹ̀! Ìyá Mùbàṣírù, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọtí sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́! Wàláhì, ọkọ mi ò fi ẹnu kan ọtí rí. Ṣé torí dókítà ní ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ ṣe ń pe àbúrò yín, ọmọ ìyá yín, ní ọ̀mùtí káàkiri Ìbíadé? Ẹ ní àwọn tó sanra ni ọ̀rá wà fún, pé tín-ín-rín bíi tiẹ̀, ọtí ló máa jẹ́? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Dókítà ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rá lè wà nínú ẹni tí èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀.

Ta ló sì dá a sílẹ̀? Ẹ̀yin ni! Iléyá èsí, níwájú gbogbo ẹbí, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ ní, "Ìyàwó yìí mà ń febi pa ọmọ wa o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, Ìyá Mùbàṣírù! Mo padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní máàtì pẹ̀lú mílíìkì láràárọ̀, kó tó lọ jókòó ti fáìlì ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, tó bá dé, gàrí tí ṣúgà rẹ̀ ń hàn lójú omi.

Ó ní inú òun ń wú, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń wúwo, kí n dáwọ́ ohun dídùn dúró. Mo ní ó dáa. Yéè, mi ò dáwọ́ dúró! Inú ògì ni mo ń po ṣúgà sí, mo wá ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e kó má baà mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Tó bá mu ún tán, á ní, "O ṣé o, Ìyá Asimawu." Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Kí ni mo ń wá? Kó ṣáà yọ ikùn díẹ̀, kẹ́ ẹ lè pa ẹnu mọ́.

Lánàá, dókítà bi í bóyá ó ń jẹ ṣúgà. Ó ní, "Rárá o, ìyàwó mi ti bá mi dá a dúró." Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ń wo bàtà mi. Wọ́n ti wá ń gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ kiri báyìí, wọ́n ń wá ohun tí mo mọ̀! Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo ti wo ara mi tán.

Ó wà nínú yàrá. Ó ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa òun, kò sì jẹun láti àárọ̀. Ẹ wọlé lọ, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé ẹ parọ́ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ tiyín ṣíwájú tèmi. Tí mo bá gbọ́ pé ó dárí jì yín, bóyá ẹsẹ̀ mi á lè gbé mi débẹ̀.