Ó Gbọ́ Orúkọ, Kò Gbọ́ Èdè

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ṣọ̀wọ́n, mo bá obìnrin kan àti ọ̀gá ẹ̀ ní ìsọ̀ fọganáísà n'Íbàfò. "Sọ́kẹ́ẹ̀tì" tí wọ́n ń pè, mo ṣebí iṣẹ́ iná ni wọ́n ń ṣe. Obìnrin náà ló ń sọ̀rọ̀:

"Mo sọ fún yín kí a tó kó iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wa látorí kọ̀ǹpútà ńlá sórí àwọn kékeré, pé láíbìrì, àkójọ àṣẹ tí ẹ mú fún un, ò bá a mu."

"Ṣebí orúkọ kan náà ni àwọn àṣẹ inú wọn ń jẹ́? Kílóòsì tó ń ti nǹkan, kílóòsì náà ni níbi gbogbo."

"Lórí ti ńlá, kílóòsì ń ti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. Lórí kékeré, fáìlì nìkan ló mọ̀ ọ́n tì. Ó ní òun ti gbọ́, kò sì ti nǹkan kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀ wá ń pọ̀ sí i títí ẹ̀rọ fi dákú lójú àwọn kọ́sítọ́mà. Ó gbọ́ orúkọ ni, kò gbọ́ èdè."

"Má bínú."

"Ìgbà tí àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ béèrè ẹni tó yan láíbìrì, èmi lẹ yíjú sí. Ẹ̀yin lẹ yàn án, èmi ni wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́."

"Mo ti gbọ́. Màá bá wọn sọ̀rọ̀."

Obìnrin náà dìde. "Bẹ́ẹ̀ náà ni kílóòsì ṣe ń sọ pé òun ti gbọ́, ọ̀gá."