Èmi Ni Mo Dá Ìbàdí Wọn Padà Sí Ti Ọdún Méjì Sẹ́yìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pariwo sọ. Bí ẹ bá pàdé mi ní Mushin lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ò ní mọ̀ pé mo dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí. Téèpù télọ̀ ló wà lọ́rùn mi, bírò wà létí mi, mo ń sáré láti ṣọ́ọ̀bù kan dé òmíràn, mo ń bẹ àwọn ìyá ọlọ́mọ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró dáadáa kí n wọn ìbàdí wọn. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà! Èyí tó tún wá ń dùn mí jù ni pé ọ̀gá mi ń yìn mí sí i. Ó ní irú ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n, pé ẹlòmíràn ló ba nǹkan jẹ́, èmi ni mo ń tún un ṣe. Háà! Ì bá mọ̀ pé èmi gan-an ni mo bà á jẹ́, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Yaba ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa mẹ́fà péré, lábẹ́ obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Màdáámù. Áàpù kan la ṣe fún àwọn télọ̀, òun ni wọ́n fi ń tọ́jú ìwọ̀n àwọn oníbàárà wọn sórí fóònù: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn ṣòkòtò, gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹ̀gbọ́n Lékan ni olórí àwa tí à ń kọ ọ́. Òun ló mú mi wọ ibẹ̀ nígbà tí mo ti jókòó sílé l'Àgùdà fún ọdún kan gbáko láìríṣẹ́, òun náà ló sì kọ́ mi ní ohun tí ilé ìwé ò kọ́ mi. Iṣẹ́ tí wọ́n wá fi lé mi lọ́wọ́ ni ohun tí a ń pè ní sípíà. Ẹ ṣáà mọ táyà karùn-ún tó máa ń wà nínú bùútù mọ́tò? Òun náà nìyẹn. Bí áàpù bá ṣubú lójijì, sípíà ni yóò jí, yóò gbé ẹ̀dà ìwọ̀n tí a tọ́jú pamọ́ wá, iṣẹ́ á sì máa lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé áàpù yẹn kọ̀, kò ṣubú. Ẹ̀gbọ́n Lékan mọ iṣẹ́ jù! Ọdún méjì gbáko, kò tiẹ̀ kọsẹ̀. Ní ìpàdé gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ẹni kan á ní òun ti jẹ́ kí áàpù máa gbọ́ Yorùbá, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíràn á ní òun ti fi àwòrán bùbá sí i, wọ́n á tún pàtẹ́wọ́. Bó bá kàn mí, Màdáámù á ní, "Sípíà ńkọ́?" Màá ní, "Ó wà dáadáa, mà." Á ní, "Ó dáa. Ẹni tó kàn." Ṣé ẹ rí i? Àtẹ́wọ́ kan ṣoṣo, ẹ ò fún mi! Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, mo wá ń ṣe sípíà lọ́ṣọ̀ọ́ bí ìyàwó tuntun. Mo kùn ún láwọ̀ aró. Mo kọ́ ọ kó máa kí èèyàn bó bá jí, pé "Ẹ má fòyà, mo wà níbí." Mo ní kó máa kọ wákàtí tí nǹkan bàjẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fọwọ́ kan iṣẹ́ kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí n jí i wò bóyá ó ṣì lè ṣiṣẹ́, mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dán an wò nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́. Bàbá mi tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládìpọ̀ bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé o máa ń gbé e sílẹ̀ wò? Táyà tí wọn ò gbé sílẹ̀ rí, ta ló mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kọ̀ǹpútà kì í ṣe mọ́tò, Bàbá.

Bó ṣe di ọjọ́ Jímọ̀ kan nìyẹn, Màdáámù wo ojú mi kòrókòró, ó ní, "Láti ọdún méjì, kí ni sípíà yìí ti ṣe fún wa gan-an? Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ dànù, kí ọmọ yìí lọ máa gbé fóònù tí àwọn oníbàárà bá pè." Èmi! Kí n máa gbé fóònù! Ẹ̀gbọ́n Lékan bá mi bẹ̀bẹ̀, ó ní kí wọ́n fún mi ní oṣù kan sí i. Ṣùgbọ́n ara mi ti gbóná. Mo ní ẹ dúró, màá fi hàn yín.

Ní ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, nígbà tí gbogbo wọn lọ jẹun ọ̀sán, mo ṣí iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n Lékan, mo yọ ìlà kan ṣoṣo kúrò níbẹ̀. Ìlà kan péré o! Nígbà tí wọ́n fi máa dé, áàpù ti wó lulẹ̀. Màdáámù gbé ọwọ́ lérí. Ká tó ṣẹ́jú, sípíà mi jí, ó kun gbogbo ojú kọ̀ǹpútà láwọ̀ aró: "Ẹ má fòyà, mo wà níbí." Yéè! Ẹ ò bá gbọ́ àtẹ́wọ́! Màdáámù gbá mi mọ́ra, ó ní kí wọ́n lọ ra mít páì wá, ó sì ní kí wọ́n gbé àga mi sábẹ́ éésì. Mo jẹ mít páì méjì. Ẹ̀gbọ́n Lékan náà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wá fara balẹ̀ wá ìlà tó sọnù, ó dá a padà. Mi ò lè wo ojú rẹ̀, àmọ́ éésì yẹn tutù, mi ò ní purọ́ fún yín.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Díákónì kan l'Àgùdà wọ kóòtù àti ṣòkòtò tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ba kí pásítọ̀, ṣòkòtò sì dáhùn kí pásítọ̀ tó dáhùn. Ìyàwó ilé kan ní Surulere, télọ̀ rẹ̀ wo fóònù, ó sọ fún un pé ìbàdí rẹ̀ ti fi ínṣì mẹ́rin dín kù. Inú obìnrin yìí dùn, ó lọ jẹ́rìí níwájú ìjọ pé omi ewúro tí òun ń mu ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí aṣọ dé, orúnkún ló dúró sí. Èèyàn mẹ́ta ló bá a fà á, kò gòkè, kò sì tún sọ̀ mọ́. Títí di òní, òun àti télọ̀ yẹn ò kíra.

Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àbí? Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí mo ń dán sípíà wò, mo da ìwọ̀n gbogbo oníbàárà ìgbà yẹn kọ sí ibì kan, mo sì sọ fún sípíà pé ibẹ̀ ni kó ti máa mú un. Mo ní bí mo bá ti dán an wò tán, màá júwe ẹ̀dà tòótọ́, èyí tó ń jáde ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, fún un. Orí mi o! Mo gbàgbé. Ìwọ̀n àtijọ́ ló gbé wá fún gbogbo ayé, ó sì kọ ọ́ lé èyí tó wà nínú áàpù lórí. Àwọn oníbàárà tuntun ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá, àwọn télọ̀ rò pé ọwọ́ àwọn ló ṣèèṣì pa wọ́n rẹ́, ojú ń tì wọ́n láti sọ. Nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú yẹn, ẹ̀dà ojoojúmọ́ tún jáde, ó da ti àtijọ́ lé tuntun lórí. Ẹ̀dà kan ṣoṣo náà la sì ní. Kò sí ibi tí a ti lè rí ìbàdí àwọn èèyàn yìí mọ́, àfi lára wọn.

Màdáámù bínú, iná ń jáde lójú rẹ̀. Ó ní inú iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n Lékan ni ìlà ti sọnù, òun náà ló sì ń mójú tó àwọn ẹ̀dà. Pé sípíà ní tirẹ̀, ohun tí wọ́n fún un ló gbé wá. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n lọ jókòó sílé títí di ìpàdé ọjọ́ Jímọ̀, níbi tí wọn yóò ti fún un ní ìwé kó máa lọ. Kàkà kí n jẹ́wọ́, mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n máa lọ bá àwọn télọ̀ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tún gbogbo oníbàárà wọn wọ̀n." Bí mo ṣe di onítéèpù nìyẹn.

Nínú gbogbo àwọn télọ̀ wa, Ìyá Tawa ní Mushin nìkan ni nǹkan kan ò ṣe. Ó ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí mi. Èmi fúnra mi ni mo fi áàpù sórí fóònù rẹ̀, tí mo ní kó sọ ìwé ìwọ̀n rẹ̀ nù. Nígbà tí mo débẹ̀ lánàá, ó rẹ́rìn-ín, ó fa ìwé náà yọ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní, "Ọmọ mi, mo fẹ́ràn ẹ, àmọ́ mi ò lè torí ẹ sọ ìwé mi nù. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, mo máa kọ ọ́ síbí. Bí mo bá sì kọ ọ́ tán, mo ṣì máa wọn èèyàn kí n tó gé aṣọ rẹ̀." Sípíà mẹ́ta lórí ìbàdí kan ṣoṣo! Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ìwé rẹ̀ kọ sórí fóònù, ojú ń tì mí.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Ẹ̀gbọ́n Lékan fi wọlé. Ó kí Ìyá Tawa, ó jókòó tì mí, ó ní òun wá ràn mí lọ́wọ́. Ó gba ìwé, ó ń kà á, mo ń tẹ̀ ẹ́. "Àyà, méjìlélógójì. Ìbàdí, márùndínláàádọ́ta." Ohùn kan náà yẹn ló fi ní, "Àbúrò, sípíà ẹ máa ń kọ orúkọ ẹni tó fọwọ́ kan iṣẹ́ kẹ́yìn sílẹ̀, àbí?"

Mo tẹ márùndínláàádọ́ta lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo kà á lọ́jọ́rú yẹn, nígbà tí mo ń wá ìlà tó sọnù. Ìgbà tí o ṣì ń jẹ mít páì."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo kúnlẹ̀ sáàárín àwọn àjákù aṣọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún Màdáámù?"

Ó ní, "Orúkọ ẹ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ mi. Ìwọ lo máa sọ ọ́. Dìde, jàre. Èjìká, mẹ́tàdínlógún." Ó sì ń kà á lọ títí ìwé fi tán.

Ọ̀la ni ìpàdé. Mi ò bi yín bóyá kí n sọ ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Màá sọ ọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, tèmi ò sì tíì pé oṣù kan tí ọrùn mi ti ń ro mí lábẹ́ téèpù. Bí Màdáámù bá fẹ́, kó lé mi, kó gba àga ìdí éésì rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní nǹkan tẹ́ ẹ tọ́jú pamọ́ de ọjọ́ burúkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ wò kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ má fi àwọ̀ aró kùn ún lásán. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ló kù tí mo ń gbé kiri láti àná. Ẹni tó bá bínú sí mi, mo mọ bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́: màá kúnlẹ̀, màá sunkún, yóò bú mi, yóò sì tán. Ẹ̀gbọ́n Lékan ò bínú. Ó jókòó tì mí, ó ń ka ìbàdí fún mi. Báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀?