Wọ́n Pe Dell, Mo Ní Ó Ti Lọ Pẹja

Ẹ̀yin tí a jọ ń jókòó lórí pákó ní pápá Hadley Fork, ẹ gbé ẹ̀pà yín sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ mi. Dókítà ní ọkàn mi ti gbó bí aṣọ ìnulẹ̀, kò sì mọ ọjọ́ tí yóò ya. Mi ò fẹ́ kí ẹ fi irọ́ sin mí. Ẹ mọ̀ mí dáadáa: èmi Lurleen Stamper, arúgbó oníbàdí ńlá tó ń gba àyè ènìyàn méjì, tó bú rẹfirí títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fi fò bọ́ sínú bíà Clarice ọ̀rẹ́ rẹ̀. Clarice mu bíà náà tán kó tó dá eyín padà. Ó ní, "Eyín rẹ ló jẹ́ kó dùn, ìwọ ajẹ-àlùbọ́sà yìí." Ẹ ti fi mí rẹ́rìn-ín púpọ̀, èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní ẹ̀rín nínú.

Kí la ní ní ìlú yìí? Odò, ilé ìhunṣọ tó ti kógbá sílé, àti àwọn Ológoṣẹ́, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù wa. Àwọn ará Líìgì Ńlá, ìdíje bésíbọ́ọ̀lù tó ga jù lọ, ló ni àwọn ọmọ náà. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń kó wọn sí bí tòmátì tí a tò sójú fèrèsé kó lè pọ́n. Èyí tó bá pọ́n, wọ́n á mú un lọ, a ò sì ní rí i mọ́ àfi nínú tẹlifíṣọ̀n. Bóyá ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ràn wọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí o fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ló ń ju bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ lẹ́yìn òkè, tí ìkùukùu odò rọra ń gun orí koríko, tí tanátaná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, aṣọ funfun àwọn ọmọ wọ̀nyẹn a máa léfòó, bí ẹni pé ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀. Mo ti rí ọ̀run, ẹ̀yin èèyàn mi. Pákó ni ìjókòó rẹ̀, òórùn àlùbọ́sà díndín ló sì ń ta.

Ilé mi ni Dell Pruett wọ̀ sí, nítorí àṣà wa ni pé ẹni tó bá ní yàrá á gba ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sílé. Orville ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà. Ilé dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí aṣọ ṣe ń gbẹ lórí okùn. Oko àlìkámà ni Dell ti wá. Ó ga, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ̀wà mi bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi ń pè mí ní Màmá. Bọ́ọ̀lù tó bá jù, o ò ní rí i. O ó kàn gbọ́ ọ nínú ìbọ̀wọ́ ẹni tó mú un: pàá!

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ bá àwọn ará Corley, elénìní wa, gbá àṣekágbá, tẹlifóònù dún. Dell ń sùn lókè. Gus Mahaffey, kóòṣì wa, ló pè.

"Lurleen ẹlẹ́nu gbọọrọ, jí ọmọ yẹn fún mi! Wọ́n pè é! Líìgì Ńlá! Ajùbọ́ọ̀lù wọn kan ti fara pa, ọkọ̀ òfurufú ti ń dúró."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Bàtà Dell wà níbẹ̀, ó tóbi bí ọkọ̀ ojú omi, níbi tí bàtà Orville máa ń wà. Mi ò rán ẹnu mi níṣẹ́, ó kàn sọ̀rọ̀ ni: "Dell? Ó ti lọ pẹja."

"Odò wo?"

"Gus, ṣé odò kan ló wà lórí òkè yìí ni? Kò sọ fún mi."

Ó ṣépè. "Wọn ò lè dúró dè é. Lyle Kozak tó ń jù tẹ̀lé e ni màá fi ránṣẹ́ nìyẹn."

"Gus, dákun, má sọ ọ́ sétí Dell o. Ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́, kò sì ní lè jù dáadáa lónìí."

Gus náà fẹ́ kí a gba ife àṣekágbá yẹn. "Kò burú. Wọ́n á tún pè é lọ́jọ́ mìíràn." Gus ti kú báyìí, kò sì mọ̀ pé irọ́ ni mo pa fún òun.

Mo dín ẹyin, mo jí ọmọ náà, mo sì fi ọ̀pá ìpẹja lé e lọ́wọ́. "Lọ sinmi létí odò, ọmọ mi." Kí irọ́ mi lè rí ẹsẹ̀ gbé dúró ni! Ẹ wo ìkà lára ẹni tó ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ni mo ń sọ fún ara mi pé nítorí ìlú ni mo ṣe ṣe é. Irọ́ ni. Nítorí bàtà ẹnu ọ̀nà yẹn ni.

Ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ojú ọ̀run pupa bí inú èso píìṣì, Dell sì dúró láàárín pápá bí ẹni tó wà lójú àlá. Àwọn ará Corley ń na igi sí afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Clarice kígbe sí wọn pé, "Ẹ lọ gba ìgbálẹ̀ wá, ó fẹ̀ ju igi lọ!" Bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, pàá, a gba ife. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ìró mìíràn ṣáájú ìyẹn, bí igi gbígbẹ tó dá. Gbogbo wa sáré wọ pápá, à ń jó. Dell wà lórí eékún láàárín wa, ó di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Rárá. Ní ilé ìwòsàn, nígbà tí wọ́n sọ fún un pé apá yẹn ò ní ju bọ́ọ̀lù mọ́, ó yíjú sí mi. "Màmá, Lyle ni wọ́n mú. Ṣé wọn ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi ni?"

Òótọ́ wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Lyle ló dára jù ọ́ lọ díẹ̀, ọmọ mi. Gba kádàrá."

Ó mi orí. "Ẹ ṣé, Màmá, tí ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Ó dúró sí ìlú wa, bí mo ṣe fẹ́. Òun ló ń gé koríko pápá tí ẹ ń wò yìí. Bí Lyle bá jáde nínú tẹlifíṣọ̀n, á pàtẹ́wọ́ fún un, á ní, "Lyle tó Líìgì Ńlá. Èmi ò tó." Gbogbo ìgbà tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń bu oúnjẹ kún àwo rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a níbi tó ti ń bomi rin ilẹ̀ pápá, mo sọ gbogbo rẹ̀. Omi ń ṣàn láti inú rọ́bà, ó ń sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀ yí bàtà rẹ̀ ká. Mo ń retí kí ó bú mi. Ó wò mí pẹ́, ó ní, "Ilẹ̀ ń yọ̀, Mìsíìsì Stamper. Ẹ rọra." Láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ló ń kí mi: Mìsíìsì Stamper, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba àwọn ọmọ wọ̀nyí sílé, bí wọ́n bá pe ọmọ náà, ẹ jí i. Ẹ di oúnjẹ fún un, kí ẹ wá sunkún nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti yí kọ́nà tán. Ìfẹ́ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn, olè ni.

Dell, mi ò ní kí o tún pè mí ní Màmá. Bí o bá lè foríjì mí, ṣe é nígbà tó bá wù ọ́. Bí o kò bá lè ṣe é, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n gba èyí lọ́wọ́ mi, tìrẹ ni, ó ti pẹ́ tí mo ti jí i. Nígbà tí o ń sùn, wọ́n pè ọ́. Ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ pè, orúkọ rẹ ni wọ́n dá. O tó, ọmọ mi. O tó.