Àga Tí Wọ́n Lé Mi Dìde Lórí Rẹ̀ Lójú Bàbá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ti dé ibi tí ẹ̀rín ò ti lè gbà mí mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, wọn yóò pe orúkọ mi nínú gbọ̀ngàn ńlá yunifásítì níbí ní ìlú Bìní, èmi tí ìwé mi ò kọjá pólì, wọn yóò ní kí n wá jókòó sí àga àárín ní tábìlì iwájú tí gbogbo ayé ń pè ní haí tébù. Ìyàwó mi ti lọ aṣọ mi. Àwọn ará ìjọ wa ti ń kí mi kú oríire. Èmi nìkan ni kò yọ̀, nítorí pé ọkùnrin tó fẹ́ gbé mi jókòó yìí gan-an ni mo ti ń bá jà láti ọdún pípẹ́, òun ò sì mọ̀ pé à ń jà. Ẹ ti gbọ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí? Kí èèyàn máa gbẹ̀san lára ẹnìkan, kí ẹni náà máa dúpẹ́!

Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn nínú gbọ̀ngàn náà. Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá wà, èmi ni mo máa so wáyà, tí n ó gbé gbohùngbohùn kalẹ̀ fún wọn, tí n ó sì gba ohùn gbogbo wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n débi pé ìyàwó mi ní bí mo bá fẹ́ yíra padà lójú oorun, mo máa ń kọ́kọ́ sọ pé "ní àkótán." Àwọn tó mọ̀ mí sì mọ̀ pé bí mo bá ń ṣe yẹ̀yẹ́, ojú mi kì í rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sọ fún akọ̀wé wa kan pé gbohùngbohùn tuntun kì í fẹ́ ooru, tí ọ̀gbẹ́ni náà fi jókòó tì í, tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fi parí. Ìyẹn ò dun ẹnikẹ́ni. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ló dùn mí.

Bàbá mi ló wá kí mi láti Iléṣà. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ fi ojú ara wọn rí ohun tí ọmọ wọn ń ṣe láàárín àwọn alákọ̀wé. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, a ní wọ́kíṣọ́ọ̀pù kan fún àwọn olùkọ́ girama, lórí bí a ṣe ń fi rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì kọ́ ọmọ nílé ìwé. Mo mú Bàbá dání, mo wá àga fún wọn lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí atẹ́gùn wà. Alága ọjọ́ náà, ọmọ Bìní kan tó mọ iyì èèyàn, bá yin iṣẹ́ mi. Ó ní kí ẹni tó kó gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí jọ dìde, kó máa bọ̀ ní haí tébù. Àga kan ṣófo níbẹ̀. Mo lọ jókòó. Ẹ̀yin èèyàn, bàbá mi dìde lẹ́yìn lọ́hùn-ún nínú dàńṣíkí wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́ díẹ̀, wọ́n dákẹ́. Bàbá mi ò dákẹ́.

Ibẹ̀ la wà tí Dókítà Ọlátẹ́jú fi wọlé. Yorùbá bíi tèmi ni, ìjọ kan náà là ń lọ ní GRA. Ó pẹ́ dé, òun ni wọ́n sì fi àga náà sílẹ̀ dè. Bó bá ní kí n jọ̀wọ́, ǹ bá ti dìde tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń kí èèyàn, ó fi Yorùbá sọ ọ́ kí àwọn tó jókòó tì wá má baà gbọ́: "Dìde níbẹ̀ jàre. Ta ló ní kí ẹni tó ń so wáyà wá bá èèyàn jókòó? Ìwé tí o kà ò gbé ọ dé àga yìí." Àwọn ará Bìní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rò pé àlàáfíà ìdílé mi ló ń béèrè. Ṣùgbọ́n gbohùngbohùn wà níwájú mi, títàn ló wà. Ta ló tàn án? Èmi ni. Ta ló yí i sókè láàárọ̀ ọjọ́ náà kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́ ketekete? Èmi náà ni, nítorí bàbá mi. Bí Yorùbá mìíràn bá wà nínú gbọ̀ngàn, wọ́n wolẹ̀. Ìpàtẹ́wọ́ bàbá mi dúró bí ìgbà tí èèyàn já wáyà.

Mo dìde. Mo tiẹ̀ nu àga náà fún un. Nígbà tí à ń lọ sílé ní Ekenwan Road, a kọjá bárékè àwọn sójà. Bàbá wá ní, "Ọmọ mi, ṣé àga yẹn ò dára ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló ń mì."

"Ó dáa. Kí wọ́n tètè tún un ṣe o."

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n di ẹrù wọn. Wọn ò tún fẹsẹ̀ kan Bìní mọ́ títí wọ́n fi kú. Nígbà tí a lọ sin wọ́n, àwọn ẹbí ń di mọ́ mi, wọ́n ní Bàbá ò sinmi àtiròyìn mi kiri àdúgbò, pé àwọn fi ojú àwọn rí mi níbi tí mo jókòó láàárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Bàbá ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo dìde. Wọ́n gbé ìyẹn dání lọ sínú sàréè.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọlọ́run ọba! Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ni Dókítà ń bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, "Ẹnjiníà wa, báwo ni?" Èmi náà á ní, "A dúpẹ́, sà." Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Ọkùnrin gíga ni. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, n ó fa ọ̀pá gbohùngbohùn wálẹ̀, n ó fún ìdè rẹ̀ pinpin, kò sẹ́ni tó lè tú u. Títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á fi parí ni á máa tẹ̀ ba fún gbogbo gbọ̀ngàn bí ìyàwó tuntun níwájú ìyá ọkọ. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, á ní, "Ọ̀pá yẹn le o, Ẹnjiníà, ẹ̀yìn ń ro mí." N ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Irinṣẹ́ òyìnbó ni."

Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo wá kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jọ, mo ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo bá rí i pé ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí ní láyé. Nígbà kan, ó pè é ní Ẹ̀kọ́ àti Ìdàgbàsókè. Nígbà mìíràn, Ìdàgbàsókè àti Ọ̀dọ́. Èyí tó kẹ́yìn, Ọ̀dọ́ àti Ẹ̀kọ́. Àwàdà kan náà, ikọ́ kan náà. Bó bá ti sọ pé "ìbéèrè mi ni pé," á mu omi. Mo bá ń dúró dè é. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ńlá tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun máa ń sọ, tí gbogbo wọn wọ ẹ̀wù gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, mo ti fi kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan sínú ẹ̀rọ, mo ti yí i dé ojú ibẹ̀. Ó ní ìbéèrè òun ni pé. Ó na ọwọ́ sí ife. Mo tẹ ẹ̀rọ. Àwọn ẹ̀rọ agbóhùnjáde ńláńlá tí mo gbé lọ tún ṣe ní Siluko Road bá ń bá ọ̀rọ̀ lọ ní ohùn rẹ̀: ìbéèrè náà, ikọ́ náà, àwàdà náà, títí kan ẹ̀rín àwọn tó gbọ́ ọ nígbà náà lọ́hùn-ún. Omi wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé e mì. Mo sọ ọ́ nínú mi pé, Bàbá, ẹ gbọ́ o!

Kí ló ṣe? Ó gbé ife kalẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ni mo ní kí Ẹnjiníà wa ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sọ nígbà yẹn náà ni mo ń sọ lónìí, ìjọba ò sì gbọ́. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ká wí?" Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó nawọ́ sí mi, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún èmi náà. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ mí di ọ̀rẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá sílé wa, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn dání. Ó ní òun ló ń ṣe alága wọ́kíṣọ́ọ̀pù ti Sátidé. "Ìwọ ni mo fẹ́ kó jókòó sáàárín, Ẹnjiníà. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti gbé ọ síbẹ̀." Mo wo ojú rẹ̀ wò bóyá ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹni tí kò mọ̀ pé òun ṣẹ̀ ọ́, ta lo wá ń bá jà? Dárí jì í." Dúpẹ́, àkọ́bí wa, tó ń jẹ nínú ọsàn ọkùnrin náà, ní, "Daddy, abeg, forget that thing. The man don try."

Ohun tí àwọn méjèèjì ò mọ̀ rèé. Kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tí bàbá mi wá ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìpàtẹ́wọ́ wọn àti ohun tí Dókítà sọ sí mi létí ló wà nínú rẹ̀. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ wé e sínú àpótí irinṣẹ́, mi ò gbọ́ ọ rí. Tó bá di Sátidé, kí n tó kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ sí haí tébù, ìka kan péré ló máa gbà. Gbogbo gbọ̀ngàn yóò gbọ́ ọ, èmi yóò sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn látorí àga náà, láì dìde.

Àmọ́ ohùn bàbá mi kan ṣoṣo tó kù láyé ni ìpàtẹ́wọ́ tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, wọ́n sì ti fi ọwọ́ ara wọn bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ṣé èmi ọmọ wọn ni n ó wá hú u síta? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó dé. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n dárí jì í, ìyàwó mi ti sọ ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí n ó ti pa ẹ̀rọ náà: ṣé nígbà tí bàbá mi ṣì ń pàtẹ́wọ́ ni, àbí kí n jẹ́ kó dé ibi tí wọ́n ti dákẹ́?